Sparta: ọdún 33 péré láti orí ìtẹ́ dé ilẹ̀, kí ló fà á?

Ọmọ Ìwé Àtijọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí àwọn onífíìmù ti gbé ọ̀rọ̀ Sparta, ìlú Gíríìsì àtijọ́ kan, jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ọba Leonidas àti 300 ọkùnrin tó bá a kú ní Thermopylae lọ. Ohun tó gbẹ̀yìn ìlú náà ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Gbogbo ọdún tí mo bá dárúkọ, ṣáájú ìbí Kristi ni o, kí n má baà máa tún un kọ.

Ní 404, Áténì túúbá fún Sparta lẹ́yìn ogun ọdún 27. Nígbà tí wọ́n ń wó ògiri gígùn tó so Áténì mọ́ èbúté rẹ̀, ńṣe ni àwọn ọmọbìnrin ń fun fèrè sí i, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ọjọ́ náà ni òmìnira Gíríìsì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìlú tó tún lè wo Sparta lójú. Ní 371, ní pápá Leuctra, àwọn ará Thebes nà wọ́n bí ẹní na bàrà. Ọba Cleombrotus kú sójú ogun. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ilẹ̀ Messenia, tó ti ń bọ́ wọn fún ohun tó lé ní 200 ọdún, fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ogun kan ṣoṣo! Áténì náà jìyà ogun. Ní 405 ó pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ ogun rẹ̀ ní Aegospotami, síbẹ̀ nígbà tó fi máa di 377 ó ti tún kó àwọn ìlú etíkun jọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Kí ló dé tí Sparta ṣubú tí kò lè dìde?

Bàbá Túndé

Ọmọ mi, má dààmú ara rẹ. Owó ni. Òfin tí wọ́n ní Lycurgus fi lélẹ̀ ni pé wúrà àti fàdákà kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Sparta. Irin ni wọ́n ń ná. Ìgbà tí Lysander, ọ̀gágun Sparta, ṣẹ́gun Áténì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó fàdákà ránṣẹ́ sílé, ni ìwà ìlú yí padà.

Ẹ gbọ́ ti Gylippus. Ọ̀gágun ni, òun ló gba ìlú Syracuse sílẹ̀ lọ́wọ́ Áténì. Lysander ní kó bá òun kó àpò fàdákà lọ sílé. Ọkùnrin yìí tú ìdí àwọn àpò, ó bù lára owó, ó tún wọn rán. Kò mọ̀ pé ìwé wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ iye owó sí. Ó kó èyí tó jí pamọ́ sábẹ́ òrùlé. Ẹrú rẹ̀ ló lọ pa á lówe fún àwọn ephor, ìyẹn àwọn alábòójútó márùn-ún tí ìlú ń yàn lọ́dọọdún, pé òwìwí tó ń sùn lábẹ́ òrùlé ọ̀gá òun pọ̀ o. Àwòrán òwìwí ló wà lára owó Áténì, kíá ló yé wọn. Akọni sá kúrò nílùú bí olè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń jalè, ta ló kù?

Kòlápọ̀ 77

Òwìwí lábẹ́ òrùlé 😂😂 Bàbá, ẹ má pa mí o.

Tíṣà Àgbà

Ìtàn Gylippus dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra, Bàbá Túndé. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, ló sọ ọ́ fún wa báyìí, nǹkan bí 500 ọdún ló sì fi gbẹ́yìn Gylippus. Ẹ̀kọ́ ìwà ni bàbá náà ń kọ́ni. Lójú tirẹ̀, ìlú tó bá wó, ìwọra ló wó o. Kò sì sí ìtàn Sparta kankan tí ọmọ Sparta fúnra rẹ̀ kọ tó dé ọwọ́ wa lódindi. Àwọn ará ìta ló ń bá wọn rojọ́.

Ẹ wá ká ka orí. Herodotus ní Sparta ní 8,000 ọkùnrin ní 480. Ọmọ-ìlú gidi ni wọ́n o. Kò ka ẹrú mọ́ ọn, kò sì ka àwọn ará ìlú kéékèèké àyíká tó ń bá wọn jagun tí wọn kò ní ohùn nínú ìjọba. Lọ́dún kejì, 5,000 nínú wọn lọ jà ní Plataea. Ní Leuctra, 700 péré ni ọmọ-ìlú gidi tó wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, 400 sì kú síbẹ̀. Aristotle, tí wọ́n bí kí ogun Leuctra tó ṣẹlẹ̀, kọ ọ́ pé ilẹ̀ wọn tó bọ́ 1,500 ẹlẹ́ṣin àti 30,000 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, síbẹ̀ wọn kò pé 1,000 mọ́. Ó ní ìlú náà kò lè fara da ẹyọ ìgbájú kan, pé àìní èèyàn ló pa á.

Ìdínkù yìí sì ti wà kí fàdákà Lysander tó wọlé. Ní 425 Áténì mú 292 ọmọ ogun láàyè ní erékùṣù Sphacteria, nǹkan bí 120 nínú wọn ló jẹ́ ọmọ-ìlú gidi. Nítorí 120 ọkùnrin, odindi Sparta ń ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Áténì. Ìlú tí èèyàn kún inú rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹniọlá

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Tíṣà. Ibo wá ni wọ́n gbà? Láti 8,000 sí 1,000, ṣé àìsàn ló pa wọ́n ni àbí wọn ò bímọ mọ́? Mo kà á pé wọ́n tiẹ̀ ṣòfin pé ẹni tó bá bí ọkùnrin mẹ́ta kò ní lọ sógun mọ́, ẹni tó bá bí mẹ́rin kò ní san nǹkan kan fún ìlú.

Tíṣà Àgbà

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, mà. Ọ̀pọ̀ wọn kò kú. Wọ́n wà láàárín ìlú, wọ́n ń rìn, wọ́n ń mí. Ipò ọmọ-ìlú ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ìlú, ó gbọ́dọ̀ ti la ẹ̀kọ́ líle tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 7 kọjá, kó sì wà nínú ẹgbẹ́ àjọjẹ kan, bí èèyàn 15, tí wọ́n jọ ń jẹun alẹ́. Oṣooṣù ni yóò mú ìyẹ̀fun ọkà báálì, ọtí wáìnì, wàràkàṣì, ọ̀pọ̀tọ́ àti owó díẹ̀ wá. Iye tí olówó ń mú wá náà ni tálákà ń mú wá. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ mú wá, bí ẹni tí kò lè dá àjọ mọ́, wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde nínú àjọ ṣì lè lọ dá òmíràn. Ẹni tó jáde nínú ẹgbẹ́ àjọjẹ Sparta ti jáde nínú ìlú. Kò lè dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, kò lè joyè, wọ́n á kà á mọ́ àwọn Ẹni Ìsàlẹ̀.

Oko ló ń pèsè oúnjẹ yìí. Òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ sì jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ-ìlú, nítorí náà bí oko bá ti kéré, kò sí ibòmíràn tó lè yà sí. Ẹ wá fi ogún pínpín kún un: oko tó bọ́ baba kan, bí ọmọkùnrin mẹ́ta bá pín in, kò lè bọ́ ẹnì kankan nínú wọn dé ibi tí ẹgbẹ́ ń fẹ́. Òfin tí ẹ sọ yẹn, mà, epo ló dà síná, Aristotle fúnra rẹ̀ sì rí i: bí ọmọ bá pọ̀ tí ilẹ̀ ń pín bẹ́ẹ̀, tálákà ni yóò máa pọ̀. Polybius tiẹ̀ ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa ní ìyàwó kan ṣoṣo láàárín ara wọn. Ẹni tí ilé kò ká lára kò ní ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn olówó, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn kí oko méjì lè di ọ̀kan.

Ẹnì kan lè sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 464 ni. Òótọ́ ni pé ó pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ìlú tí ilẹ̀ mì pa èèyàn rẹ̀ lè fi ọgbọ̀n ọdún bí àwọn mìíràn rọ́pò. Ẹni tí òfin yọ, bó bímọ mẹ́wàá, ọmọ ẹni ìta ni gbogbo wọn.

Kòlápọ̀ 77

Tíṣà, ẹ rọra fo ibì kan o. Aristotle yín yìí náà ló ní nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ Sparta wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, pé ìjẹgàba obìnrin wà lára ohun tó ba ìlú náà jẹ́.

Ṣadé Akéwì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa dé orí obìnrin kí ilẹ̀ tó ṣú! Ogun ń pa ọkùnrin, ogún ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn níbẹ̀? Ní Áténì, ọmọbìnrin tí baba rẹ̀ kú láìní ọmọkùnrin, ìbátan baba ló máa fẹ́ ẹ kí dúkìá má baà jáde. Ní Sparta, ó lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Cynisca, arábìnrin ọba Agesilaus, fi ẹṣin tirẹ̀ gba ipò kìíní nínú eré kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ní Olympia ní 396, ó tún gbà á ní 392, bẹ́ẹ̀ kò sí obìnrin tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Aristotle kò rí irú èyí nílé ni ó fi bínú.

Mo ní àwọn obìnrin méjì kan tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn tó bá yá, Agesistrata àti Archidamia. Ẹ dúró dè mí.

Ajíbádé

Gbogbo yín ń pín oko, ẹ ò dárúkọ àwọn tó ń ro ó. Àwọn helot, tí wọ́n jẹ́ ará Messenia àti Laconia tí Sparta sọ di ẹrú lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní Plataea, helot méje ló tẹ̀ lé ọmọ-ìlú kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún tí àwọn ephor bá wọlé, wọ́n á kéde ogun lé àwọn helot lórí, kí ẹni tó bá pa wọ́n má baà jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀. Thucydides sọ ọ̀kan tó ń dẹ́rù bà mí títí di òní: wọ́n ní kí àwọn helot tó gbà pé àwọn ṣe bí akọni jù lójú ogun jáde wá gba òmìnira. Nǹkan bí 2,000 jáde. Wọ́n dé adé òdòdó, wọ́n yípo gbogbo ojúbọ òrìṣà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pòórá, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní nǹkan bí 398, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cinadon, tí kì í ṣe ara àwọn ọmọ-ìlú pípé, ń di ọ̀tẹ̀. Ó mú ẹnì kan lọ sọ́jà, ó ní kó ka àwọn ọmọ-ìlú gidi tó bá rí. Pẹ̀lú ọba, àwọn ephor àti àwọn àgbà ìgbìmọ̀, nǹkan bí 40 ni. Cinadon ní, “Àwọn yẹn ni ọ̀tá rẹ. Àwọn yòókù nínú ọjà yìí, wọ́n lé ní 4,000, tiwa ni wọ́n.” Ó ní kò sí helot, kò sí ẹrú tó gba òmìnira, kò sí Ẹni Ìsàlẹ̀, kò sí ará àyíká tí kò ní fi tayọ̀tayọ̀ jẹ ọmọ Sparta ní tútù. Nígbà tí ọwọ́ bà á tí wọ́n bi í pé kí ló ń wá, èsì rẹ̀ kò ju pé òun kò fẹ́ rẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní Sparta. Wọ́n de ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀, wọ́n sì ń nà án kiri ìlú.

Nítorí náà mo wà lẹ́yìn Tíṣà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó le jù báyẹn lọ. Èèyàn kò wọ́n wọn. Èèyàn ló yí wọn ká.

Bàbá Túndé

Ó dáa. Mo ní ìbéèrè kan fún Tíṣà. Áténì náà le. Ní 451 Pericles ṣòfin pé ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ kò bá jọ jẹ́ ọmọ Áténì kì í ṣe ọmọ-ìlú. Àjàkálẹ̀ àrùn tún jà níbẹ̀ láti 430, ó pa wọ́n rẹpẹtẹ. Kí ló dé tí tiwọn ò tán?

Tíṣà Àgbà

Ẹ ṣeun, sà. Nítorí pé òṣì kì í lé ọmọ Áténì kúrò ní Áténì. Ẹni tí kò ní ju apá rẹ̀ méjèèjì lọ yóò wa ọkọ̀ ogun, yóò gba owó iṣẹ́, ọ̀la ni yóò lọ dìbò níbi tí olówó ti ń dìbò. Òfin ọ̀hún náà sì ń tẹ̀: nígbà tí àrùn yẹn pa àwọn ọmọ tí ìyàwó ilé bí fún Pericles, ìlú gbà kí ọmọ tí Aspasia, obìnrin àjèjì, bí fún un di ọmọ Áténì.

Ọmọ Ìwé Àtijọ́

Ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Leuctra mu gan-an. Epaminondas ti to àwọn ará Thebes 50 sẹ́yìn ara wọn ní apá òsì, Sparta kò ju 12 lọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn àjọ̀dún Gymnopaidiai ni ìròyìn dé ilé, àwọn ọkùnrin ń kọrin lójú agbo. Àwọn ephor kò dá eré dúró. Wọ́n fi orúkọ àwọn tó kú ránṣẹ́ sí ẹbí wọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé ẹkún ò gbọdọ̀ ròkè. Lọ́jọ́ kejì, Xenophon ní ẹbí àwọn tó kú ló ń rìn káàkiri tayọ̀tayọ̀. Ẹbí àwọn tó yè ló fajú ro.

Òfin Sparta sì ni pé ẹni tó sá lójú ogun, gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti lọ. Ká ní wọ́n lo òfin náà lọ́dún yẹn, ta ni wọn yóò kó lọ sógun? Agesilaus dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òfin sùn lónìí, kó jí lọ́la. Àwọn tó lè yí òfin lójú bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan, mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi yí ti àjọjẹ.

Kòlápọ̀ 77

Síbẹ̀ ẹ̀rù wọn ṣì ń ba èèyàn. Ṣé Philip, baba Alexander, kọ́ ló ránṣẹ́ sí wọn pé bí òun bá wọ ilẹ̀ wọn, wọ́n á rí ìjà, tí wọ́n sì dá a lóhùn pẹ̀lú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, “Bí”?

Ajíbádé

Ó wọlé. Lẹ́yìn ogun Chaeronea ní 338, Philip kó ogun wọ Laconia, ó ba oko wọn jẹ́, ó sì gé ilẹ̀ ààlà fún àwọn aládùúgbò wọn. Ẹnu wọn mú, ilẹ̀ lọ. Ní 334 Alexander fi aṣọ ogun Páṣíà 300 ránṣẹ́ sí Áténì, ó kọ ọ́ sí i pé láti ọwọ́ òun àti gbogbo ará Gíríìsì ni, àyàfi àwọn ará Sparta. Èmi kò rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ṣadé Akéwì

Mo ti dé. Ẹ wò ó, ohun tí Tíṣà ń sọ, àwọn kan dán an wò ní tòótọ́.

Nígbà tí ọba Agis Kẹrin jẹ, ní nǹkan bí 245, ọmọ-ìlú tó kù kò ju 700 lọ, bí 100 nínú wọn ló ní ilẹ̀. Agis, ọmọ tí kò tíì pé 20, ní kí wọ́n pa gbèsè rẹ́, kí wọ́n pín ilẹ̀ ní ọgbọọgba, kí wọ́n sì gba ará àyíká àti àjèjì tó bá yẹ wọlé. Agesistrata ìyá rẹ̀ àti Archidamia ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó lówó jù ní gbogbo Sparta; wọ́n gbà láti fi dúkìá wọn sílẹ̀. Kòlápọ̀, ṣé o ń kà á? Ọba méjì ni Sparta máa ń ní lẹ́ẹ̀kan náà; ní 241 ọba kejì, Leonidas (kì í ṣe ti Thermopylae o), àti àwọn olówó gbá Agis mú. Wọ́n fún un lọ́rùn nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n fún àwọn obìnrin méjèèjì náà lọ́rùn lé e lórí.

Leonidas wá fi tipátipá fa Agiatis, opó Agis, fún ọmọ rẹ̀ Cleomenes kí ogún rẹ̀ lè wọlé wọn. Àṣejù baba Cleomenes nìyẹn, torí pé ẹnu Agiatis ni ọmọ náà ti gbọ́ gbogbo ohun tí Agis fẹ́ ṣe. Ó joyè, ó sì ṣe é ní 227: ó pa mẹ́rin nínú àwọn ephor márùn-ún, ó pa gbèsè rẹ́, ó pín ilẹ̀, ó sọ ọmọ-ìlú di 4,000. Ní ọdún bíi mélòó kan, gbogbo Peloponnese ń gbọ̀n. Ìlú tí kò rí 700 èèyàn kó jọ!

Bàbá Túndé

Ìyá mi, ẹ parí ìtàn náà. Ní 222, Antigonus ọba Makedóníà fọ́ Cleomenes túútúú ní Sellasia. Kí nìdí tó fi sáré lọ jà? Ptolemy ti Íjíbítì ló ń fún un lówó tó fi ń san owó ọmọ ogun àgbàṣe, Ptolemy sì ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ogun náà ni ìròyìn dé pé àwọn ará Illyria ti wọ Makedóníà, Antigonus ì bá ti padà sílé. Owó ló jẹ́ kó má lè dúró.

Tíṣà Àgbà

Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n kí ló ń fi ọmọ ogun àgbàṣe ṣe bí ìlú kò bá ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún méjì yọ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ nílé? Plutarch ní 6,000 ọmọ Sparta ló lọ sí Sellasia, gbogbo wọn ló kú àfi 200. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èèyàn jọ lọ́dún márùn-ún kò lè pàdánù báyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ẹniọlá

Lẹ́yìn Cleomenes ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?

Ajíbádé

Ó kù díẹ̀, mà. Nabis gba ìjọba ní 207, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olówó, ó dá ẹrú sílẹ̀ sọ wọ́n di ọmọ-ìlú. Polybius pè é ní òǹrorò, ṣùgbọ́n Polybius jẹ́ ọmọ àwọn tó ń bá a jà, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ kà á. Róòmù gba èbúté rẹ̀ ní 195, àwọn ará Aetolia pa á ní 192, Philopoemen, ọ̀gágun Achaea, sì fa Sparta wọ ẹgbẹ́ àwọn ìlú Achaea. Ní 188 ó wó ògiri ìlú náà, ó sì pa ẹ̀kọ́ Lycurgus rẹ́. Lábẹ́ Róòmù wọ́n dá ẹ̀kọ́ náà padà, wọ́n ń na àwọn ọmọkùnrin ní pàṣán níwájú pẹpẹ Artemis Orthia. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi, wọ́n kọ́ ìjókòó òkúta yí pẹpẹ náà ká fún àwọn àlejò tó ń wá wòran.